Kí Àkọsílẹ̀ Yín Má Bàa Bá Ètò Kan Lọ

Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Kábbà àti Ìyàrá sábà máa ń bi mí pé ètò wo ni ó dára jù fún pípa àkọsílẹ̀ mọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni bóyá a lè yọ ẹ̀yà kan nínú ètò náà, kí a fi òmíràn dípò rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ wa má sì bàjẹ́.

Ẹ wo Emacs, ètò ìkọ̀wé tí a kì í san owó fún. Ní ọdún 2003 ni Carsten Dominik, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, bẹ̀rẹ̀ Org mode, ẹ̀yà kan nínú Emacs, tí ó ń jẹ́ kí a kọ àkọlé, iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe àti ọjọ́ rẹ̀ sínú fáìlì tí kò ní ju ọ̀rọ̀ lásán lọ. Nígbà tí Jethro Kuan gbé Org-roam jáde ní 2020 láti máa so àkọsílẹ̀ kan mọ́ òmíràn, kò tún Org kọ. Orí rẹ̀ ni ó kọ́ tirẹ̀ lé. Ó ń lo dátábéèsì SQLite (àkójọ ìsọfúnni tí a tò fún wíwá) láti tètè rí ohun tí a ti so pọ̀, ṣùgbọ́n bí dátábéèsì náà bá bàjẹ́, inú àwọn fáìlì ni a ó ti tún un ṣe.

Denote, ẹ̀yà mìíràn fún Emacs tí Protesilaos Stavrou gbé jáde ní 2022, ni ó tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí pé kò ní dátábéèsì rárá. Orúkọ fáìlì ni ó gbára lé. Bí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ kan bá kọ ohun tí ó rí lára ewé ẹ̀gẹ́ ní Ìsánlú, fáìlì rẹ̀ lè máa jẹ́:

20240612T093015--aisan-ewe-ege__isanlu_oko.org

Ọjọ́ àti àkókò ni ó ṣáájú, àkọlé tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ìtọ́ka sì wà lẹ́yìn àmì ìlà ìsàlẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá wá «_isanlu» yóò rí àwọn tí a fi Ìsánlú ṣe ìtọ́ka fún nìkan, kò ní rí àwọn tí orúkọ ìlú náà kàn wà nínú àkọlé wọn. (Mo máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n yọ àmì ohùn kúrò nínú orúkọ fáìlì, nítorí pé kọ̀ǹpútà lè kọ lẹ́tà bíi «ẹ́» ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, kí ìwákiri sì pàdánù rẹ̀.) Fóònù tí kò gbọ́ orúkọ Denote rí yóò to àwọn fáìlì yìí tẹ̀ léra bí ọjọ́ wọn ti rí, kódà nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

Síbẹ̀, kíkọ́lé sórí ìpìlẹ̀ ẹlòmíràn ní ìnira tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà kejì Org-roam dé ní 2021, ọ̀nà tí ó ń gbà so àkọsílẹ̀ yí padà, àwọn tí ó ti ń lò ó sì ní láti tún àkọsílẹ̀ wọn tò.

Nítorí náà, kí ẹ tó kó ọdún púpọ̀ sínú ètò kankan, ẹ da fódà kan kọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò náà, kí ẹ gbìyànjú láti ka àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ sì tọ ìsopọ̀ kan dé ibi tí ó lọ.