Bẹ́líìtì ọkọ̀ àtijọ́ tó ti ṣá: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má pa á láró

Bí ẹ bá kun ọkọ̀ àtijọ́ ní ọ̀dà tuntun, tí ẹ rán àga rẹ̀, tí ẹ pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bẹ́líìtì ìjókòó ló máa ń tú àṣírí ọjọ́ orí rẹ̀. Volkswagen ìjàpá àti Peugeot 504 ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn méjèèjì ní Nàìjíríà, Volkswagen l'Ékòó, Peugeot ní Kàdúná. Ẹ wo iye ọdún tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi ń yá oòrùn. Bẹ́líìtì tó dúdú bíi kóró iṣin nígbà náà ti wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níbi èjìká. Ni oníbàárà á bá ní, "Ọ̀gá, ṣé ká kúkú gbé e fún aláró ni?"

Rárá ni. Mo sì fẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé yín dáadáa.

Òwú polyester ni wọ́n fi ń hun ọ̀já bẹ́líìtì lóde òní. Nínú àwọn ọkọ̀ tó dàgbà, ẹ lè bá èyí tí wọ́n fi nylon hun. Oòrùn ń ba méjèèjì jẹ́, nylon ló sì máa ń tètè rọ. Ìtànṣán tó ń jẹ àwọ̀ yẹn kì í dúró lórí àwọ̀ nìkan, ó ń jẹ òwú náà fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ìlànà bẹ́líìtì fi máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ yan ọ̀já níwájú iná tó le bí oòrùn, kí wọ́n tó fà á já láti mọ agbára tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Agbára wo gan-an? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹnì kan wọn kílò 75, ọkọ̀ rẹ̀ ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí, ó kọlu nǹkan, ara ẹni náà sì dúró láàárín ìdajì mítà. Ohun tí bẹ́líìtì gbé ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn tó nǹkan bíi kílò 1,500. Ọkọ̀ ìjàpá kan kò ju nǹkan bíi 800 lọ. Ọ̀já tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ìka mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìlànà Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Regulation 16 ní kò gbọdọ̀ já lábẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀, tí Amẹ́ríkà sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àlékún kankan tí a lè fi oòrùn ogójì ọdún ṣòfò.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo bẹ́líìtì tó rí játijàti ni oòrùn jẹ. Òmíràn, ìdọ̀tí àti òógùn lásán ni. Ẹ fa á jáde tán pátápátá. Apá tó máa ń wà nínú ilé tó ń ká a kì í rí oòrùn, àwọ̀ tí wọ́n fi hun ún ṣì wà níbẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ irú ti àtijọ́ tí kì í ká ara rẹ̀, ẹ wo abẹ́ ibi tó ti gba inú irin kọjá. Ẹ fi wé ibi èjìká. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fọ̀ ọ́, torí fífọ̀ ni yóò sọ èyí tó jẹ́: ìdọ̀tí á lọ, ohun tí oòrùn ṣe kò ní lọ.

Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ nìyí. Mo máa ń fi péègì aṣọ há a kó má baà sá padà wọlé. Omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ olómi díẹ̀ tí a fi ń fọ abọ́, àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ti tó. Ẹ máa gbo ó lọ ní gígùn rẹ̀. Tí ẹ bá ń gbo ó ní ìbú, yóò hu irun. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nù ún, ẹ ṣan aṣọ náà, ẹ tún nù ún, títí aṣọ ò fi ní mú ìdọ̀tí mọ́. Ẹ má jẹ́ kí omi ṣàn wọ inú ilé ìká, sípíríǹgì ló wà níbẹ̀, ó sì lè dógùn-ún. Ibòji ni kó ti gbẹ, ó kéré tán títí di ọjọ́ kejì. Nígbà òjò, ẹ fún un lọ́jọ́ kan sí i. Èyí tó bá ká padà pẹ̀lú omi lára yóò bu, òórùn rẹ̀ kò sì ní kúrò nínú ọkọ̀ bọ̀rọ̀. Bílíìṣì, pẹtiróòlù, tínnà àwọn olóòdà, ẹ má jẹ́ kí ìkankan kàn án.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ aró. Aró tí àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú ń lò, òwú oko ló ń mú, kì í mú polyester. Lóòótọ́, aró tó ń mú polyester wà, ṣùgbọ́n inú omi tó ń hó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun ọ̀já, inú ooru tó tó nǹkan bíi 200°C ni aró ti ń wọ̀ ọ́, wọ́n sì ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń fà á, kó lè na ní ìwọ̀n tó yẹ lọ́jọ́ ìjàǹbá. Nínà díẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí egungun àyà gba gbogbo agbára náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìkòkò tó ń hó lẹ́yìnkùlé lè yí i padà, ojú lásán kò sì lè rí i.

Ohun tó dùn mí jù nípa aró nìyí: ó ń bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ yín yóò rí bẹ́líìtì dúdú tó dán, yóò sì fi dè ọmọ rẹ̀ mọ́ àga.

Nítorí náà, bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tí àwọ̀ kò padà, tàbí tó gan, tí etí rẹ̀ ń tú, tí òwú ibi ìrán ń já, ẹ yọ ọ́. Àwọn amọṣẹ́ wà ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà tó ń rán ọ̀já tuntun mọ́ irin àtijọ́ yín, kí ìrísí ọkọ̀ má baà yí padà. Ẹ má gbé e fún àwọn tó ń rán àga mọ́tò tàbí bàtà. Ọwọ́ wọn mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òwú àti ìrán bẹ́líìtì ní ìwọ̀n tirẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ ládùúgbò tí a fi lè dán an wò. (Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bìrìtéènì, láti May 2018 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti lé lógójì ọdún kò ti nílò MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ti ọdọọdún, mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò.)

Tókúnbọ̀ ńkọ́? Ní Ládípọ̀ tàbí ní Ararọ̀mí n'Ìbàdàn, owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ tó ti kọlu nǹkan ni wọ́n ti tú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Bẹ́líìtì tó ti mú ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ti na tán. Ẹ wo rọ́bà ibi èjìká tí ọ̀já ń gbà kọjá: bí ilà bá wà níbẹ̀ bíi pé ó yọ́, tàbí tí ọ̀já náà rún wìnnìwìnnì níbì kan, ẹ fi sílẹ̀. Tuntun ni mo fara mọ́, èyí tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní lẹ́tà E nínú òbìrí pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i: 1 ni Jámánì, 2 ni Faransé, 11 ni Bìrìtéènì.

Tí ẹ bá ń dè é, ẹ wo bí ilé ìká ṣe dúró. Ìwọ̀n kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tó dúró lójijì. Tí ẹ bá dà á sí igun tí kò yẹ, ó lè há pátápátá tàbí kó kọ̀ láti há. Bóòtù tó bá a wá ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí ẹ ṣà nílẹ̀. Kó tó di pé ẹ gbé ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sí pápá tó ṣófo, ẹ rìn bíi kìlómítà 15 ní wákàtí, kí ẹ sì tẹ bíréèkì gan-an. Bí kò bá mú yín, ọkọ̀ yẹn kò tíì gbọdọ̀ gun títì.