Bí Obì àti Tíì Ṣe Ń Pa Eyín Láró, àti Ìdí tí Èédú Kò Fi Lè Yanjú Rẹ̀

Bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹnu tán tó fi ahọ́n ra eyín iwájú, yóò bá a bí abọ́ tánganran tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀: ahọ́n kò ní í lè yọ̀ lórí rẹ̀. Bó bá tún fi ahọ́n ra á lẹ́yìn wákàtí kan, láìjẹ pé ó jẹ tàbí mu ohunkóhun, ahọ́n á ti máa yọ̀ bọ̀rọ́. Nǹkan kan ti bò ó. Ohun tó bò ó yẹn ni obì, tíì, kọfí àti sìgá ń rí dì mú. Ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, eyín fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá jà.

Inú itọ́ ló ti wá. Nǹkan bí ìdajì lítà sí lítà kan ààbọ̀ itọ́ ló ń sun lẹ́nu àgbàlagbà lójúmọ́, oríṣiríṣi purotéènì ló sì wà nínú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a bá fọ eyín tán, àwọn purotéènì yìí á ti lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á di awọ kan tó fẹ́lẹ́ débi pé ojú kò lè rí i. Pellicle ni àwọn oníṣègùn eyín ń pè é. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀ á fẹ́ máa fọ̀ ọ́ kúrò. Kò ṣeé fọ̀ tán, kò sì yẹ ká fẹ́ kó tán, torí òun ló ń gba eyín lọ́wọ́ ohun kíkan, òun náà ni kì í jẹ́ kí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ha ara wọn. Bí a bá fọ̀ ọ́ lọ láàárọ̀, itọ́ á ti tún un ṣe kí a tó wọ bàtà tán. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n gbáà ni.

Àléébù rẹ̀ kan ni pé awọ ni, awọ sì máa ń gba aró. Ohun kan wà nínú obì, tíì àti kọfí tó ń jẹ́ tannin. Òun ló ń mú kí ẹnu há bí a bá jẹ obì. Òun kan náà ló wà nínú èso igi bagaruwa tí àwọn aláwọ ìlú Kano fi ń ṣe awọ ewúrẹ́. Bí awọ tútù bá wà lásán, kò ní pẹ́ tí yóò fi jẹrà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú omi bagaruwa, tannin á di purotéènì inú rẹ̀ mú ṣinṣin. Awọ náà á pọ́n, á lágbára, omi kò sì ní lè fọ pípọ́n yẹn kúrò mọ́. Irú awọ tí a ti ṣe báyìí ni àwọn oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́ ń gé, tí wọ́n fi ń ṣe tìmùtìmù àti àpò. Ẹni tó ń jẹ obì láti àárọ̀ dalẹ́ láì fi omi yọ ẹnu, iṣẹ́ aláwọ ló ń ṣe lẹ́nu.

Ẹ wo obì àbàtà funfun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé sórí àwo. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn díẹ̀, ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà á ti pọ́n bí ìpẹtà kí àlejò tó nawọ́ mú awẹ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó há sáàárín eyín. Àbàwọ́n tuntun ṣì rọ̀, omi lásán lè gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Èyí tó bá ń sùn níbẹ̀ ń nípọn sí i, pàápàá ní ẹ̀yìn eyín iwájú ti ìsàlẹ̀ àti létí èrìgì, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ibẹ̀ náà ni ìdọ̀tí ti máa ń di òkúta mọ́ eyín lára, irin oníṣègùn eyín nìkan ló sì lè ha ìyẹn kúrò.

Mílíìkì inú tíì wúlò ju bí a ṣe rò lọ. Purotéènì inú rẹ̀, casein, á ti di púpọ̀ nínú tannin mú nínú ife kó tó dé ẹnu, nítorí náà tíì oní-mílíìkì kì í pa eyín láró tó tíì lásán. Oògùn olómi tí a fi ń yọ ẹnu, tó ní èròjà chlorhexidine, ni ká ṣọ́ra fún. Ó dára fún àìsàn èrìgì, ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ itọ́ tó bo eyín, bó bá sì pàdé tíì tàbí kọfí níbẹ̀, eyín á dúdú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ èédú ló ń bíni nínú jù. Ìyẹ̀fun èédú inú ike, iyọ̀, eérú, ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò mọ́ baking soda: àwọn tó ń ṣèlérí eyín funfun á ní ká kó o sẹ́nu, ká fi rin eyín, ká sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kìíní, eyín á funfun lóòótọ́, torí èédú ti bó awọ itọ́ tòun taró ara rẹ̀ kúrò. Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Bó ṣe ń bó awọ itọ́ ló ń ha èèpo eyín fúnra rẹ̀. Èèpo yìí, enamel, ló le jù nínú gbogbo ara èèyàn, ṣùgbọ́n níbi tó ti nípọn jù, kò ju nǹkan bíi milimítà 2.5 lọ, kò sì sí ohun alààyè kankan nínú rẹ̀ tó lè mú un hù padà. Èyí tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Ká fojú inú wo léèsì funfun tí wọ́n wọ̀ lé yẹ́rì aláwọ̀ ìyeyè. Léèsì ni èèpo eyín, dentine tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yẹ́rì. Ẹni tó bá ń fi kànrìnkàn irin fọ léèsì náà lójoojúmọ́ kó lè funfun, ńṣe ni léèsì á máa fẹ́lẹ́ sí i, yẹ́rì á sì máa yọ. Bí ìyeyè yẹn bá ṣe ń yọ sí i, yóò máa rò pé ìdọ̀tí ló kù, á tún ki ọwọ́ bọ ike èédú. Léèsì tó sì ti gbó máa ń gba àbàwọ́n ju tuntun lọ, nítorí ojú rẹ̀ kò dán mọ́.

Ti ọsàn wẹ́wẹ́ tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹni tí kò bá gbà, kó ju èèpo ẹyin adìyẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, kó wo bí yóò ṣe máa hó. Káṣíọ̀mù inú rẹ̀ ló ń yọ́. Káṣíọ̀mù ló wà nínú èèpo eyín náà, ó sì máa ń yọ́ bí ohun kíkan bá mú kí pH ẹnu (òṣùwọ̀n kíkan: bó bá ṣe wálẹ̀ tó ni nǹkan ń kan tó) wálẹ̀ ju nǹkan bíi 5.5 lọ. Nítorí náà, bí a bá mu ọsàn tàbí sóbò tán, ká má tíì gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ojú eyín ti rọ̀ nígbà yẹn. Ká fi omi yọ ẹnu, ká dúró ó kéré tán ìdajì wákàtí, kí itọ́ lè dá káṣíọ̀mù padà síbẹ̀.

Àwọ̀ tó wà nínú eyín gan-an yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Tetracycline, oògùn apakòkòrò àìsàn kan, tí wọ́n bá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 lè fa irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni flúórádì tó pọ̀ jù nínú omi mímu, irú èyí tó wà ní Langtang, ìpínlẹ̀ Plateau. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó dé ibẹ̀. Hydrogen peroxide, kẹ́míkà tí oníṣègùn eyín fi ń sọ eyín di funfun, máa ń wọnú èèpo lọ, á fọ́ ohun tó ń mú àwọ̀ wá sí wẹ́wẹ́ níbi tó wà, láì ha nǹkan kan. Ó lè mú kí omi tútù máa dun eyín fún ìgbà díẹ̀, kò sì ń yí àwọ̀ eyín àtọwọ́dá padà.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò le rárá: omi lẹ́yìn obì àti tíì, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọnu tó ní flúórádì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ti alẹ́ ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, torí itọ́ ń dínkù bí a bá sùn. Orín náà dára, bí a bá jẹ ẹnu rẹ̀ títí tó fi rí fúlẹ́fúlẹ́ bí irun, tí a sì ń rọra fà á láti èrìgì sí orí eyín. Orín àtà máa ń ta ahọ́n, itọ́ á sì máa sun ṣáá. Àwọn àgbà tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ tí wọ́n á fi orín sẹ́nu títí oòrùn á fi là, itọ́ tuntun ló ń ṣàn lójú eyín wọn ní gbogbo àkókò yẹn.