Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní kóòtù ni kòtẹ́milọ́rùn ti ń bẹ̀rẹ̀

Nínú ẹjọ́ ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, olùjẹ́jọ́ kọ́ ni yóò fi hàn pé òun kò jẹ̀bi. Olùpẹ̀jọ́ ló ru ẹrù ẹ̀rí, títí tí kò fi ní sí iyèméjì tó bọ́gbọ́n mu mọ́. Lọ́dún 1935 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fìdí èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Woolmington, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ìbọn ọwọ́ rẹ̀ pa ìyàwó rẹ̀, tó sì ní ó ṣèèṣì ni. Adájọ́ ti sọ fún ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ pé Woolmington fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé èèṣì ni. Àṣìṣe yẹn ni wọ́n torí ẹ̀ fagi lé ìdájọ́ ikú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń ní agbẹjọ́rò ń gbèjà ọ̀daràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ló ń dán wò. Ó ń fi ohun tí ẹlẹ́rìí sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá wé ohun tó ń sọ ní kóòtù, ó sì ń bèèrè ohun tí ẹlòmíì kò ní ronú kàn.

Ẹ wo ẹjọ́ Clarence Gideon ní Florida, l'Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1961, wọ́n ní ó fọ́ ilé ayò kan. Kò lówó agbẹjọ́rò, adájọ́ kò sì yan ọ̀kan fún un. Ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 5. Pẹ́ńsù ló fi kọ̀wé láti ọgbà ẹ̀wọ̀n sí ilé ẹjọ́ tó ga jù. Lọ́dún 1963, ilé ẹjọ́ náà ní ìjọba gbọ́dọ̀ yan agbẹjọ́rò fún aláìní nínú irú ẹjọ́ ńlá bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́. Awakọ̀ takisí kan jẹ́rìí pé Gideon kìlọ̀ fún òun kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbé e. Ó dún bí ọ̀rọ̀ olè. Agbẹjọ́rò Gideon bi awakọ̀ náà bóyá Gideon ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Awakọ̀ ní ó máa ń sọ ọ́, pé wàhálà obìnrin ló fà á. Ẹ̀rí náà tú. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, ìgbìmọ̀ dá a láre.

Bí wọ́n bá dá ẹnìkan lẹ́bi, agbẹjọ́rò á bẹ̀bẹ̀ kí ìyà rẹ̀ lè fúyẹ́: ọjọ́ orí, àìsàn, bóyá kò ṣẹ̀ rí, ipa tó kó nínú ọ̀ràn náà. Ibẹ̀ gba ìṣọ́ra gan-an. Bí olùjẹ́jọ́ bá ṣì ń ní òun kọ́, tí agbẹjọ́rò sì lọ sọ pé ó ti kábàámọ̀, ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn kòtẹ́milọ́rùn.

Torí kòtẹ́milọ́rùn kì í sábà pe ẹlẹ́rìí padà. Àkọsílẹ̀ ni àwọn adájọ́ ibẹ̀ ń kà, àṣìṣe ni wọ́n sì ń wá. Bí agbẹjọ́rò bá dákẹ́ nígbà tí wọ́n mú ẹ̀rí tí kò yẹ wọlé, ó ṣòro láti wá pariwo nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àkókò láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kì í dúró: ọjọ́ 28 ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 14 ni ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá mú ẹ̀rí tuntun wá gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí kò fi mú un wá tẹ́lẹ̀.

Nígbà míì, àṣìṣe náà jẹ́ ti agbẹjọ́rò àkọ́kọ́: ẹlẹ́rìí tí kò wá, ìbéèrè tí kò bi. Ó ṣòro kí ẹni náà fẹ̀sùn kan ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí agbẹjọ́rò mìíràn gba ẹjọ́ náà ní kòtẹ́milọ́rùn, kí ó sì kọ́kọ́ gba gbogbo fáìlì lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, títí kan ìwé tó ń kọ nǹkan sí nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́.