Kí ni refeeding syndrome? Ewu tí ó wà nínú bíbọ́ ọmọ ajá tí ebi ti hàn léèmọ̀

Ẹni tí ó bá rí ọmọ ajá tí ó ti rù kan egungun ní ẹ̀bá Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí àánú yóò kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kí ó bu ọ̀kà tàbí ẹ̀bà sí àwo, kí ó da ọbẹ̀ lé e, kí ó sì jẹ́ kí ẹran náà jẹ títí yóò fi yó. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ọmọ ajá tí ebi ti ń pa fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè jẹ àjẹyó lónìí, kí ó máa ju ìrù, kí ó sì kú ní ọjọ́ kẹta. Àwọn ará ilé a máa rò pé májèlé ni ó jẹ níta kí wọ́n tó gbé e. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ẹran ń pè ní refeeding syndrome, ìyẹn àìsàn tí ó ń wáyé bí ẹni tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ bá jẹun púpọ̀ lójijì.

Nígbà tí oúnjẹ kò bá wọlé fún ìgbà pípẹ́, ara ajá á dẹ́kun láti máa fi ṣúgà ṣe agbára, á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá tí ó ti tò jọ, lẹ́yìn náà á bọ́ sórí iṣan ara rẹ̀ gan-an, èyí tí ó fi jẹ́ pé itan á fẹ́lẹ́, egungun ìhà á sì ṣeé kà. Ínsúlíìnì, tí ó ń ṣílẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì fún ṣúgà, á dínkù. Fọ́sífétì, pọtásíọ̀mù àti magnésíọ̀mù, àwọn èròjà bí iyọ̀ tí ara fi ń ṣiṣẹ́, á máa tán nínú sẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀, bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ lè fi hàn pé wọ́n pé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń tan ènìyàn jẹ. Tí ọ̀kà bá wá dé lójijì, ínsúlíìnì á tú jáde, á ti ṣúgà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn èròjà mẹ́ta yìí á sì rọ́ tẹ̀lé e bí èrò ṣe ń rọ́ wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó dé gárèèjì lálẹ́, wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀. Tí fọ́sífétì kò bá tó, agbára iṣan á pin, títí kan iṣan tí ajá fi ń mí, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ sì lè máa bẹ́. Tí pọtásíọ̀mù bá lọ sílẹ̀, ọkàn á máa lù ségesège. Fítámínì B1, tí ara fi ń lo ṣúgà, náà lè tán, kí ẹsẹ̀ ajá máa yẹ̀ tàbí kí gìrì mú un. Láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ni ewu yìí pọ̀ jù.

Ara ènìyàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa, nígbà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó parí ní 1945, rí oúnjẹ jẹ lẹ́yìn ìyà gígùn, tí àwọn kan nínú wọn sì kú.

Ní ibùdó tí a ti ń tọ́jú ẹranko, ooru ni ó ń ṣáájú oúnjẹ. Ìfun ọmọ ajá tí ara rẹ̀ tutù kì í ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, nítorí náà wọn á kọ́kọ́ fi ike omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi aṣọ wé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pàápàá ní àárọ̀ ọyẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọn á wọ̀n ọ́n. Ọmọ ajá tí ó wọn kílò 2 ń lo nǹkan bíi kálórì 118 lójúmọ́ bí ó bá kàn dùbúlẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn bíi 30, ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹyin adìẹ sísè kan tó bíi kálórì 70. Èyí ni pé ohun tí yóò jẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò tó ààbọ̀ ẹyin, a ó sì tún pín in sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tòru-tọ̀sán, nítorí pé ṣúgà ara ọmọ ajá kékeré tètè ń lọ sílẹ̀ bí ó bá pẹ́ kí ó tó tún jẹun. Lójú tèmi, dókítà kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù níbẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí yóò gbé àwo kúrò níwájú ẹran tí ó ṣì ń sunkún oúnjẹ.

Díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa fi kún un lójoojúmọ́, lábẹ́ ìṣọ́ dókítà ẹran, títí oúnjẹ yóò fi pé ní bíi ọjọ́ karùn-ún. Ẹyin tàbí adìẹ sísè tí kò ní egungun dára ju ọ̀kà àti ẹ̀bà lọ, nítorí wọn kì í ru ínsúlíìnì sókè bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ àṣẹ́kù tilẹ̀ léwu lọ́tọ̀, nítorí àlùbọ́sà inú rẹ̀ a máa ba sẹ́ẹ̀lì pupa ajá jẹ́. Bí ọmọ ajá bá ń gbọ̀n, tí ara rẹ̀ wú, tí ó ń mí gúlegúle tàbí tí kò lè dìde mọ́ lẹ́yìn tí ó ti ń jẹun bọ̀, kí a gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí a má ṣe dúró dìgbà tí ilẹ̀ yóò mọ́.