Sísọ ilé àtijọ́ di ọ́fíìsì

Sísọ ilé àtijọ́ di ọ́fíìsì ni títún ilé tó ti pẹ́, tí ìtàn rọ̀ mọ́, ṣe kí àwọn lọ́yà, ayàwòrán ilé, aṣírò owó tàbí dókítà lè máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, láìba ohun tó sọ ọ́ di ohun ìtàn jẹ́. Ó yàtọ̀ sí wíwó ilé láti kọ́ tuntun, ó sì yàtọ̀ sí sísọ ilé di mùsíọ́mù. Ayálégbé ń wọlé ń jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́, owó ilé tó ń san ni wọ́n sì fi ń tún òrùlé tó ń jò ṣe. Àdéhùn Venice ti ọdún 1964, ìlànà àgbáyé lórí títọ́jú ilé àti ibi ìtàn, sọ ní abala karùn-ún pé lílo ilé ìrántí fún ohun tó wúlò fún àwùjọ máa ń mú kí ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn, àmọ́ ìlò náà kò gbọ́dọ̀ yí ètò ilé tàbí ọ̀ṣọ́ rẹ̀ padà.

Gbọ̀ngàn Ìlú àtijọ́ ní Boston, Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú irú iṣẹ́ yìí. Láàárín 1862 sí 1865 ni wọ́n kọ́ ọ sí School Street, Gridley Bryant àti Arthur Gilman ló sì ya àwòrán rẹ̀. Òkúta gíránáìtì funfun ni iwájú rẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ irú tó gbòde ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà. Nígbà tí ìjọba ìlú kó lọ sí gbọ̀ngàn tuntun ní 1969, wọn kò wó o. Wọ́n fi háyà ọdún 99 fún Architectural Heritage Foundation, àjọ tí kì í ṣòwò fún èrè, ilé-iṣẹ́ ayàwòrán Anderson Notter sì pín inú rẹ̀ sí ọ́fíìsì, pẹ̀lú ilé oúnjẹ nísàlẹ̀. Ara òde wà bó ṣe wà. Púpọ̀ nínú inú ilé ló yí padà, ohun tó sì sọnù níbẹ̀ kò kéré.

Ara ògiri ni iṣẹ́ ti máa ń le jù. Kí símẹ́ńtì tó gbòde, ẹfun sísun tí wọ́n pò mọ́ yanrìn ni àwọn bíríkìlà Yúróòpù fi ń to bíríkì àti òkúta. Àpòpọ̀ yìí rọ̀, omi tó bá wọ ògiri lè gba inú rẹ̀ jáde padà. Bí ẹni tó ń ṣàtúnṣe bá wá fi símẹ́ńtì dí àlàfo bíríkì, á dára lójú fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n omi kò rọ́nà gbà mọ́. Inú bíríkì fúnra rẹ̀ ló máa gbà, ojú bíríkì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ìdí nìyẹn tí bíríkìlà tó mọṣẹ́ fi ń fi òòlù kékeré àti ṣísẹ̀lì họ símẹ́ńtì náà kúrò díẹ̀díẹ̀, torí ẹ̀rọ máa ń gé etí bíríkì mọ́ ọn, etí tó bá sì ti lọ ti lọ nìyẹn. Ohun tó jọ ọ́ ń ṣẹlẹ̀ sí ilé alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ nílẹ̀ Yorùbá: símẹ́ńtì á ya kúrò lára amọ̀, bí èèyàn bá sì fi ìka kàn án, á dún bí ohun tó ṣófo.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ẹrù tí àjà ilé ń gbé tún wà níbẹ̀. Ìlànà ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣírò ẹrù tó tó nǹkan bíi kílò 150 lórí mítà onígun mẹ́rin kan nínú ilé gbígbé, àti nǹkan bí 250 nínú ọ́fíìsì. Igi àjà tó ti gbé bẹ́ẹ̀dì àti àga láti ìgbà pípẹ́ lè tẹ̀ bí wọ́n bá kó fáìlì lọ́yà lé e. Wọ́n lè fi irin gbè é lẹ́sẹ̀, tàbí kí wọ́n kó fáìlì sísàlẹ̀. Waya iná àti ti kọ̀ǹpútà sì lè gba ihò èéfín tí wọn kò lò mọ́ kọjá, kí wọ́n má baà gbẹ́ ògiri. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi kún un yẹ kó jẹ́ èyí tó ṣeé yọ lọ́la láìdá ọgbẹ́ sí ilé lára.

Ní Bedford Square, Lọ́ńdọ́nù, púpọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn olówó láàárín 1775 sí 1783 ti di ọ́fíìsì báyìí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1990 lórí ilé ìtàn béèrè àṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó yí inú irú ilé bẹ́ẹ̀ padà, bí ìyípadà náà yóò bá kan ìrísí ìtàn rẹ̀. Owó orí ni Amẹ́ríkà ń fi fa àwọn onílé mọ́ra: láti 1986, ìjọba àpapọ̀ ń yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó àtúnṣe kúrò nínú owó orí ẹni tó bá tún ilé ìtàn tó ń mówó wọlé ṣe ní ìlànà.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1979 ló dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìrántí sílẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n wó ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúubú, Èkó, ní oṣù Kẹsàn-án 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Jaekel House ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898, ṣe oríire jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin, ayàwòrán ilé, ló darí àtúnṣe rẹ̀ ní 2010, mùsíọ́mù kékeré ló sì dà. Ilé Cocoa ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965, jóná ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 1985. Oṣù Kẹjọ 1992 ni wọ́n tó tún un ṣí, ọ́fíìsì ló sì tún padà wà nínú rẹ̀.