Agolo Tòmátò Nínú Òjò: Bí A Ṣe Ń Mọ Kámẹ́rà Kékeré Tó Dáńtọ́

Bí èèyàn bá yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀ ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀, nọ́ńbà kan ló máa kọ́kọ́ gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, mẹ́gápíkísẹ̀lì 16 rèé o. Èyí tẹ́ ẹ mú dání yẹn, 10 péré ni." Owó tí wọ́n bá sì pè, nọ́ńbà yẹn ló máa ń tẹ̀ lé, bí ajá ṣe ń tẹ̀ lé ọdẹ. Ó sì lè jẹ́ pé oní-10 yẹn gan-an ni kámẹ́rà.

Kámẹ́rà tí ọ̀rọ̀ kàn níbí ni kékeré tó ń wọ àpò, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọmọdé: ẹni tó ni ín lè fọwọ́ ara rẹ̀ yan bí ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń pa fún ìmọ́lẹ̀, ṣe máa yára tó, ó lè yan bí ojú lẹ́ńsì ṣe máa là tó, ó sì lè tọ́jú àwòrán ní RAW, ìyẹn bí sẹ́ńsọ̀ inú kámẹ́rà ṣe gbà á gan-an. Àwọn tó ń ya fótò torí pé ó wù wọ́n, tí kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ló sábà máa ń wá a. Bí wọ́n ṣe ń ki bátìrì bọ̀ ọ́ àti bí wọ́n ṣe ń to déètì ẹ̀, ìwé tó bá a wá á sọ ìyẹn. Inú lọ́hùn-ún, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di àwòrán, ni ọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́yìn lẹ́ńsì ni sẹ́ńsọ̀ wà, ohun pẹlẹbẹ kan tó jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré, kò tó èékánná ọmọńdinrín. Ojú rẹ̀ ni wọ́n to píkísẹ̀lì sí, àìmọye mílíọ̀nù wọn; mílíọ̀nù kan nínú wọn ni mẹ́gápíkísẹ̀lì kan. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: kí kálukú gba ìmọ́lẹ̀ tó bá já lé e, kó sì ròyìn iye tó gbà.

Ká wá sọ pé àgbàlá kan wà, tí a to agolo tòmátò kún un láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tí òjò wínníwínní wá ń rọ̀. Kí òjò tó dá, a lọ ka ẹ̀kán omi inú agolo kọ̀ọ̀kan. Èyí gba 9, ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gba 14, èyí tó tẹ̀ lé e gba 11. Ṣé òjò ibi kan pọ̀ ju ti ibòmíì lọ ni? Rárá. Òjò kì í ka ara rẹ̀ kó tó já bọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bàsíà ńlá la gbé síta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀kán ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìyàtọ̀ àárín bàsíà sí bàsíà ò ní tó nǹkan mọ́.

Bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀kán-ẹ̀kán ló ń wá. Níbi tó bá yẹ kí píkísẹ̀lì gba 100, ó máa ń fi nǹkan bíi 10 lé tàbí kó fi 10 dín, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá. Níbi tó bá yẹ kó gba 10,000, nǹkan bíi 100 ló máa fi ṣìnà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣíṣìnà yẹn là ń rí lójú fótò tí a yà níbi tó ṣókùnkùn, tó dà bíi pé wọ́n wọ́n iyanrìn sí i. Àwọn èèyàn á ní kámẹ́rà ti ń bàjẹ́. Kámẹ́rà ò ṣe nǹkan kan. Omi ló kéré nínú agolo.

Ìdí nìyẹn tí ọlọ́jà fi máa ń sọ pé kí oníbàárà jáde síta kó lọ dán an wò nínú oòrùn. Ọ̀sán gangan, òjò àrọọ̀rọ̀dá ni: agolo kún, bàsíà kún, gbogbo kámẹ́rà ló dára. Kódà nígbà náà, agolo ṣì ní àléébù tiẹ̀, torí ó tètè máa ń kún àkúnwọ́sílẹ̀. Kéèyàn dúró sídìí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, kó gbójú sókè ya òkúta gíga yẹn mọ́ ojú ọ̀run. Bí ìṣó irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn bá hàn ketekete, ojú ọ̀run lè funfun báláú, bí ìgbà tí kò sí ìkúùkù kankan níbẹ̀. Bí ìkúùkù bá sì hàn, òkúta náà á dúdú, ìṣó á wọnú òkùnkùn lọ. Kámẹ́rà tí ohun ìgbomi rẹ̀ bá tóbi á fi díẹ̀díẹ̀ mú méjèèjì.

Ká má sì parọ́ mọ́ agolo. Bí a bá da omi agolo mẹ́rin pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti bàsíà kan tó gba àyè wọn. Fífẹ̀ àgbàlá gan-an ló ṣe pàtàkì ju iye ohun tí a tò síbẹ̀ lọ. Ilé-Ifẹ̀ mọ èyí tipẹ́: ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá fi àpáàdì tẹ́, bí wọ́n bá tún àpáàdì yẹn fọ́ sí wẹ́wẹ́, àpáàdì á pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò ní tìtorí ẹ̀ fẹ̀ sí i.

Báwo wá ni àgbàlá ṣe fẹ̀ tó? Sẹ́ńsọ̀ tó wọ́pọ̀ jù nínú kámẹ́rà kékeré olówó pọ́ọ́kú fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 6.2 ní ìbú, 4.6 ní òòró. Ti àwọn tó sàn jù ú lọ máa ń tó 7.6 sí 5.7. Nígbà tí Sony gbé kámẹ́rà RX100 jáde lọ́dún 2012, 13.2 sí 8.8 ni tiẹ̀, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́, nínú ara tó ṣì ń wọ àpò ṣòkòtò. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìwọ̀n yìí ló ń bíni nínú: wọ́n ní "ínṣì kan". Ẹni tó bá fi rúlà wọ̀n ọ́n láti igun sí igun á bá nǹkan bíi mílímítà 16, bẹ́ẹ̀ ínṣì kan lé ní 25. Láyé àtijọ́, inú gílóòbù onígíláàsì ni kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ti ń gba àwòrán, ara òde gíláàsì yẹn ni wọ́n sì ń wọ̀n. Gíláàsì ti kásẹ̀ nílẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ò lọ. Ó dà bí ẹni tó ń ta ẹ̀pà, tó wọ̀n ọ́n mọ́ èèpo.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ mẹ́gápíkísẹ̀lì, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà fúnra wọn ló ti wá. Lọ́dún 2008, PowerShot G10 tí Canon ṣe ní mẹ́gápíkísẹ̀lì 14.7. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé G11 jáde pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ ò yí padà, wọ́n sì fà á wálẹ̀ sí 10. Lójú ọjà tó ń sáré tẹ̀ lé nọ́ńbà, ìgboyà ni. 10 yẹn náà tó tẹ fótò ínṣì 12 sí 9, kó sì mọ́ rekete. Láti 10 lọ sí 12 tí wọ́n ń pariwo, àwòrán ò fi ìdá kan nínú mẹ́wàá fẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àgbàlá lásán kò tó, òrùlé tún wà lókè: lẹ́ńsì. Ihò inú lẹ́ńsì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ẹnu rẹ̀ ló sì ń sọ bó ṣe fẹ̀ tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ń tóbi tó. Bí wọ́n bá kọ 1.8–4.9, ohun tó ń sọ ni pé 1.8 ni nígbà tí a kò tíì fa súùmù, 4.9 nígbà tí a bá fà á dópin. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré: ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dín sí nǹkan bí ìdá kan nínú méje. Ẹni tó wà lẹ́yìn èrò lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́, tó fẹ́ fa Adé Àrẹ̀ mọ́ra láti òkèèrè bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ pé súùmù ní owó orí tí èèyàn ń san. Nítorí náà, nọ́ńbà kejì ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò, òun sì ni ọlọ́jà kì í dárúkọ.

Bí ó bá di pé kí wọ́n dán kámẹ́rà wò, kò sí ibi tó dà bí ìdí alákàrà ní aago méje alẹ́. Iná kan ṣoṣo, èéfín, ojú ìyá alákàrà tí ẹ̀gbẹ́ kan mọ́lẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣókùnkùn, àdìrẹ lára rẹ̀. Kéèyàn kọ́kọ́ tọrọ àyè, kó ra àkàrà, kó wá gbé ISO, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe máa mú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tàn tó, sí 1600 láìtan fíláàsì, kó ya ẹyọ kan ní JPEG, ẹyọ kan ní RAW.

Ògì ni RAW, JPEG ni ẹ̀kọ. Inú kámẹ́rà ni wọ́n ti ro ẹ̀kọ náà, kò sì sẹ́ni tó lè rò ó padà di ògì. JPEG mọ ìpele 256 péré láàárín dúdú àti funfun fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW sábà máa ń mọ 4,096 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó tún burú ni pé bí kámẹ́rà ṣe ń ro ẹ̀kọ yẹn, ó máa ń nu iyanrìn ojú àwòrán kúrò, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín iyanrìn àti ọnà. Bátànì àdìrẹ á bá a lọ, awọ ojú ìyá náà á dán bí awọ ọmọláńgidi. Kámẹ́rà tó bá nù ún jù ń fi ohun tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ò rí gbà pamọ́ ni.

Síkíríìnì ẹ̀yìn kámẹ́rà kò ní fi èyí hàn, torí ó kéré, gbogbo àwòrán ló ń dán níbẹ̀. Kí oníbàárà mú mẹ́mọ́rì kádì tirẹ̀ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó ki kádì náà bọ kọ̀ǹpútà bó bá délé, kó fẹ àdìrẹ yẹn títí yóò fi rí ibi tí ìlà aró kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá rí i, kó dá kámẹ́rà padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó sì béèrè oní-10 yẹn, bí wọn ò bá tíì tà á.