Kọ́fà abẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀

Kọ́fà abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ohun pẹlẹbẹ tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ máa ń dè mọ́ ìsàlẹ̀ iwájú ọkọ̀, láti ẹ̀yìn bọ́ḿpà lọ sí abẹ́ jíà, kí inú ẹ́ńjìnnì má baà kọjú sí títì ní ìhòòhò. Ike ni ti ọ̀pọ̀ jù lọ. Ọkọ̀ á ṣiṣẹ́ láìsí i: ẹ́ńjìnnì á dáná, jíà á wọlé, bíréèkì á mú. Èyí ló fa àríyànjiyàn, pàápàá láàárín àwọn tó ń wa ọkọ̀ tòkunbọ̀, bóyá ohun tó pọn dandan ni tàbí ọ̀ṣọ́ lásán. Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ irú kọ́fà tó jẹ́, irú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń rìn, àti bí ó ṣe ń sáré tó.

Ti ike àti ti irin

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ń fi orúkọ kan pè, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ́fà oníke fẹ́lẹ́, ó sì fúyẹ́. Omi, ẹrẹ̀, iyanrìn àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe é fún; kò lè gba àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ òkúta tàbí etí kòtò. Gáàdì onírin ni wọ́n ṣe fún ìkọlù. Òun ló máa ń wà lábẹ́ jíìpù tó ń wọ igbó àti lábẹ́ àwọn ọkọ̀ ìdíje bíi ti Safari Rally, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1953. Oríṣi kẹta ni èyí tí wọ́n fi òwú àtọwọ́dá kì pọ̀ títí tó fi le. Ó ń gba ariwo mọ́ra ju ike lọ, ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá ń kán sí i, á mu ún.

Ìwúwo gáàdì kì í ṣe ohun kékeré. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn mìlímítà 2, tó gùn ní mítà 1, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 70, wúwo tó kílò 11. Alumíníọ̀mù tó tóbi bákan náà kò tó kílò 4.

Omi, ẹrẹ̀ àti iyanrìn

Nínú ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, bíi ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni púlì tó ń yí bẹ́líìtì wà. Níbẹ̀ ni compressor AC (ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì AC pọ̀) àti àwọn wáyà kan sábà máa ń wà pẹ̀lú. Gbogbo ohun tí táyà bá ta sókè, ibẹ̀ ló ń bọ̀. Bẹ́líìtì tó bá ti tutù lè máa yọ̀, kí ó sì máa han. Iyanrìn tó bá rí ọ̀nà wọ bíárìn, ohun roboto tí púlì ń yí lórí rẹ̀, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì nígbà yìnyín, bíi Kánádà, ewu náà tún pọ̀ sí i, nítorí omi iyọ̀ máa ń jẹ irin àti ẹnu wáyà kíákíá.

Kò sí èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n bọ́ kọ́fà rẹ̀ lè rìn fún ọdún méjì kí ẹni tó ni ín má rí ìyàtọ̀ kankan, á sì máa sọ fún ẹlòmíràn pé kò wúlò. Mẹkáníìkì tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ náà, tó ń bá bóòtù tó ti dípẹtà pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀ jà, ló máa ń rí ìyàtọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n kọ́fà kì í ṣe ààbò lọ́wọ́ ìkún omi. Ihò wà lára rẹ̀, etí rẹ̀ kò sì dí pa. Bí ọkọ̀ bá wọ omi jíjìn, ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ símú ni omi máa ń gbà wọlé. Nítorí pé omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, ó lè tẹ ọ̀pá písítìnì. Kọ́fà kò lè dá ìyẹn dúró, agbára omi náà sì lè fà á já.

Afẹ́fẹ́ àti epo

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó kún fún gbungungbùngùn máa ń da afẹ́fẹ́ rú, ìdàrúdàpọ̀ yẹn ló sì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn; kọ́fà ń mú kí ìsàlẹ̀ náà tẹ́jú kí èyí lè dín kù. Agbára ìfàsẹ́yìn yìí ń pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po bí eré ṣe ń pọ̀: ní kìlómítà 110 ní wákàtí kan, ó ju ìlọ́po 7 ohun tó jẹ́ ní kìlómítà 40 lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kò lè rí èrè púpọ̀ lórí epo. Èrè tó bá wà, ojú ọ̀nà márosẹ̀ ló ti lè hàn, ó sì ṣeé ṣe kí ó kéré.

Ariwo

Kọ́fà tún lè dín ariwo ẹ́ńjìnnì kù. Mercedes-Benz 190 D, tó jáde ní 1983, jẹ́ àpẹẹrẹ kan tó gbajúmọ̀. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mọ́ inú àpò tó ń dín ariwo kù, títí kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì wálẹ̀ débi pé àwọn ará Jámánì ń pè é ní dísẹ́ẹ̀lì tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tó bá bọ́ irú kọ́fà bẹ́ẹ̀ dànù ti bọ́ apá kan ohun tí ó san owó lé lórí.

Ṣé ó ń há ooru mọ́ ẹ́ńjìnnì?

Àwọn kan máa ń yọ ọ́ nítorí wọ́n gbà pé ó ń mú kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó gba iwájú wọlé, tó la rédíétọ̀ kọjá, gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde sí ìsàlẹ̀. Kọ́fà wà lára ohun tó ń darí ìjáde yẹn nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, fáànù ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, fáànù, omi rédíétọ̀ àti thermostat (ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ sínú rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Gáàdì tí wẹ́dà gé láìlu ihò sí i ló ṣeé fura sí.

Ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì

Ibí ni ọ̀pọ̀ kọ́fà ti ń sọnù. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, àwọn ọkọ̀ kan ní ilẹ̀kùn kékeré lára kọ́fà. Ti àwọn mìíràn, odindi rẹ̀ ni wọn yóò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kílíìpù oníke tó dì í mú máa ń kán bí wọ́n bá ti gbó. Bóòtù kan á sọnù lónìí, òmíràn á sọnù ní oṣù mẹ́ta sí i, wọ́n á sì fi wáyà so ó títí ọjọ́ tí wọ́n á kúkú gbé e sí igun ọgbà. Kílíìpù tuntun kò wọ́n, ó sì yẹ kí a rà á kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Etí iwájú tó bá ti tú ló léwu jù. Afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ rẹ̀, á ká a sẹ́yìn, á máa wọ́ nílẹ̀, táyà sì lè gùn ún. Kọ́fà tó dè dáadáa sàn ju àìsí rẹ̀ lọ. Àìsí rẹ̀ sì sàn ju èyí tó ń fì dirodiro lọ.

Ewu kejì kì í tètè hàn. Ọ́ìlì tó ń jò á dúró lórí kọ́fà, kò ní kán sílẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ kò sì ní mọ̀ títí ọ́ìlì yóò fi lọ sílẹ̀. Bí kọ́fà olówùú bá mu ọ́ìlì yó nítòsí páìpù èéfín tó ń gbóná, ó lè gbiná. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ wò déédéé, kódà bí ilẹ̀ ibi tí a gbé ọkọ̀ sí bá mọ́.

Ọkọ̀ oníná

Nínú ọkọ̀ oníná, bátìrì ló wà nísàlẹ̀. Ní 2013, Tesla Model S méjì gun irin tó wà lójú títì ní Amẹ́ríkà, bátìrì wọn sì gbiná. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, Tesla kéde pé òun ti ń fi ìdáàbòbò alumíníọ̀mù àti titanium sí abẹ́ Model S tuntun, àti pé àwọn tó ti ra tiwọn ṣáájú lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.